Háídírójìn Láti Inú Gáàsì: Ibi Tó Yẹ Kí Àwọn Orílẹ̀-Èdè Tó Ní Gáàsì Ti Bẹ̀rẹ̀

Alága ìjókòó wa, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́, àti ẹ̀yin tí iṣẹ́ yín jẹ mọ́ epo àti gáàsì, mo kí yín o. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ní kí n wá sọ dá lórí háídírójìn, afẹ́fẹ́ fúyẹ́ kan tí a lè fà yọ láti inú gáàsì láìfi bẹ́ẹ̀ tú afẹ́fẹ́ tó ń mú ayé gbóná sílẹ̀, àti bóyá ó lè ṣe àwọn orílẹ̀-èdè tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gòkè àgbà ní àǹfààní, pàápàá àwọn tí gáàsì pọ̀ lábẹ́ ilẹ̀ wọn. N kò ní fi èrò mi pamọ́ títí di ìparí. Ó lè ṣe wọ́n ní àǹfààní gidi, ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀pọ̀ ìjọba ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ kọ́ ló yẹ kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Ojú wọn wà lára ọkọ̀ òkun tí yóò gbé háídírójìn lọ sí Yúróòpù àti Japan. Ojú tèmi wà lára ọ̀pá gáàsì tó ń jò, àti lára ilé iṣẹ́ ajílẹ̀ tó ti wà nílẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́.

Háídírójìn kì í ṣe àjèjì nínú iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ńláńlá. Ní ọdún 2023, gbogbo ayé lo èyí tó tó mílíọ̀nù 97 tọ́ọ̀nù, gẹ́gẹ́ bí Àjọ Àgbáyé fún Ọ̀rọ̀ Agbára, IEA, ṣe kọ ọ́ sílẹ̀. Àwọn ilé ìfọpo ń lò ó láti yọ imí ọjọ́ kúrò nínú dísẹ́ẹ̀lì àti epo mìíràn, àwọn oníṣẹ́ ajílẹ̀ ń fi ṣe amóníà, àwọn mìíràn ń fi ṣe kẹ́míkà tàbí kí wọ́n fi yọ irin láti inú òkúta rẹ̀. Inú gáàsì àti èédú ni èyí tó pọ̀ jù lọ nínú rẹ̀ ti ń wá, èyí tí wọ́n sì ṣe láìfi bẹ́ẹ̀ ba afẹ́fẹ́ jẹ́ kò tó ìdá 1 nínú 100. Kábọ́ọ̀nù dáyọ́sáìdì, tí à ń kọ ní CO2, tó ń ti ibi iṣẹ́ yìí jáde lọ́dọọdún ju 900 mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù lọ. Nítorí náà, kí a tó máa wá oníbàárà tuntun fún háídírójìn, iṣẹ́ ńlá ti wà nílẹ̀ tó ń dúró de ẹni tí yóò ṣe é, ìyẹn ni kí a sọ èyí tí ayé ń lò tẹ́lẹ̀ di mímọ́.

Bí wọ́n ṣe ń fà á yọ láti inú gáàsì yẹ kó yé wa, torí inú rẹ̀ ni gbogbo àríyànjiyàn tó kù ti jáde. Wọ́n á kọ́kọ́ yọ imí ọjọ́ kúrò nínú gáàsì náà, torí pé kì í jẹ́ kí níkẹ́ẹ̀lì tó ń mú iṣẹ́ yá ṣiṣẹ́ mọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á po gáàsì pọ̀ mọ́ ooru omi, tí wọ́n á sì darí rẹ̀ gba inú àwọn páìpù gígùn tó dúró lóòró nínú ìléru, tí hóró níkẹ́ẹ̀lì kún inú wọn, tí gbígbóná ibẹ̀ sì máa ń tó 800 sí 900 ní ìwọ̀n Celsius. Níbẹ̀ ni mẹ́téènì, tó jẹ́ ògidì ohun tó wà nínú gáàsì, ti máa ń fọ́, tí yóò di háídírójìn àti afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù mọ́nọ́sáìdì. Nínú àgbá kejì, kábọ́ọ̀nù mọ́nọ́sáìdì yìí á tún pàdé ooru omi, á di CO2, háídírójìn mìíràn á sì tún jáde. Bí iṣẹ́ bá parí, háídírójìn kílò 1 á ti tú CO2 tó tó kílò 9 sí 10 sílẹ̀.

Ojú méjì ni CO2 yìí ń gbà jáde, ibí gan-an sì ni ọ̀pọ̀ ìpolówó ti máa ń fi òótọ́ bo òótọ́ mọ́lẹ̀. Bíi ìdá 60 nínú 100 rẹ̀ wà nínú afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ lé lórí nínú àgbá. Ó ki, ó sì wà lábẹ́ ìfúnpá, kò sì nira púpọ̀ láti mú kí ó tó tú sínú afẹ́fẹ́. Ìyókù ń gba inú èéfín ìléru jáde, níbi tí náítírójìn ti là á tó fi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, owó tí wọ́n á fi mú un sì ga. Bí ilé iṣẹ́ kan bá wá sọ pé òun ń mú ìdá 90 nínú 100, ẹ bi í léèrè bóyá ti ojú kan ni tàbí ti ojú méjèèjì. Ní Quest, ní ìpínlẹ̀ Alberta ní Kánádà, níbi tí Shell ti ń rì bíi mílíọ̀nù 1 tọ́ọ̀nù CO2 mọ́lẹ̀ lọ́dún láti 2015, iṣẹ́ náà ń lọ déédéé lóòótọ́, ṣùgbọ́n inú àgbá nìkan ni wọ́n ti ń mú un. Èéfín ìléru kò sí lára rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ilé iṣẹ́ tuntun lónìí ní ọ̀nà tó sàn ju èyí lọ. Wọ́n lè fẹ́ ọ́síjìn sínú àgbá fúnra rẹ̀, kí gáàsì díẹ̀ jó níbẹ̀ kí ó sì mú ìyókù gbóná, débi pé ìléru ìta kò ní pọn dandan mọ́, gbogbo CO2 á sì gba ojú kan ṣoṣo jáde. Ìdá 90 nínú 100 kì í ṣe àsọdùn níbẹ̀. Àmọ́ ẹ̀rọ tó ń ya ọ́síjìn sọ́tọ̀ ń fẹ́ iná mànàmáná tí kì í lọ, ibi tí iná kò bá sì dúró ṣinṣin, àfi kí ilé iṣẹ́ náà pèsè tirẹ̀.

Mímú un nìkan kò tó. Ibi tí a máa kó o sí ṣe pàtàkì bákan náà. Lórí èyí, orílẹ̀-èdè Áfíríkà kan ti ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè olówó kò tíì ṣe. Ní In Salah, ní aṣálẹ̀ Algeria, gáàsì tó ń jáde ní CO2 nínú ju bí àwọn oníbàárà ṣe fẹ́ lọ. Sonatrach, ilé iṣẹ́ epo ìjọba Algeria, àti àwọn alájọṣepọ̀ rẹ̀, BP àti Statoil ti Norway, bẹ̀rẹ̀ sí í yà á sọ́tọ̀ ní 2004, wọ́n sì ń tì í sínú àpáta tó wà ní bíi kìlómítà 2 nísàlẹ̀ ilẹ̀. Láàárín ọdún 2004 sí 2011, wọ́n ti rì èyí tó lé ní mílíọ̀nù 3.8 tọ́ọ̀nù. Àwọn sátẹ́láìtì tó ń wo ibẹ̀ láti òkè rí i pé ojú ilẹ̀ ń wú sókè ní ìwọ̀n mìlímítà díẹ̀ lọ́dọọdún lókè àwọn kànga tí wọ́n fi ń rì í. Èyí àti àwọn àyẹ̀wò mìíràn mú kí ẹ̀rù máa bà wọ́n pé àpáta tó bo CO2 náà lókè lè là, ni wọ́n bá dáwọ́ rẹ̀ dúró ní 2011.

Àwọn kan máa ń mẹ́nu ba In Salah bí ìkùnà. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Wọ́n wò ó, wọ́n rí i, wọ́n dúró, ohun tó sì yẹ kí ẹni tó ń rì nǹkan mọ́lẹ̀ máa ṣe nìyẹn. Ní Sleipner, lábẹ́ òkun Norway, iṣẹ́ kan náà ti ń lọ láti 1996 láìdáwọ́ dúró, nítorí pé àpáta ibẹ̀ yàtọ̀: ó ní ihò púpọ̀, ó gbòòrò, CO2 sì ráyè tàn kálẹ̀ nínú rẹ̀. Ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ ni pé àpáta kò jọra. Ibi tí gáàsì ti pọ̀ kì í fi gbogbo ìgbà jẹ́ ibi tí CO2 lè sùn sí, ìwádìí ilẹ̀ tó máa fi èyí hàn sì máa ń gba ọ̀pọ̀ ọdún àti owó ńlá kí ẹnikẹ́ni tó ta kílò háídírójìn kan.

Mo fẹ́ dúró pẹ́ díẹ̀ sórí jíjò gáàsì, torí òun ni ohun tí wọ́n máa ń sọ kẹ́yìn nígbà tó yẹ kó jẹ́ òun ni wọ́n á kọ́kọ́ sọ. Ẹ jẹ́ ká jọ ṣírò rẹ̀. Láti rí háídírójìn kílò 1 nínú ilé iṣẹ́ tó ń mú CO2, a nílò gáàsì tó tó kílò 3.5. Ká ní ìdá 3 nínú 100 gáàsì náà ti jò dànù láti orí kànga títí dé ẹnu ọ̀nà ilé iṣẹ́, lára fáàfù tó ti gbó, lára ọ̀pá tí wọ́n dá ihò sí, lára táǹkì tí wọ́n ṣí sílẹ̀. Mẹ́téènì bíi kílò 0.1 ti bọ́ sínú afẹ́fẹ́ nìyẹn. Ìgbìmọ̀ onímọ̀ nípa ojú ọjọ́ tí wọ́n ń pè ní IPCC sọ pé agbára mẹ́téènì láti mú ayé gbóná tó ìlọ́po 30 ti CO2 bí a bá fi 100 ọdún wọ̀n ọ́n, ó sì ju ìlọ́po 80 lọ bí a bá fi 20 ọdún wọ̀n ọ́n. Gáàsì tó jò yẹn nìkan dà bí CO2 kílò 3 lórí ìwọ̀n àkọ́kọ́, ó sì ju kílò 8 lọ lórí ìkejì.

Ẹ wá gbé e sí ẹ̀gbẹ́ òfin. Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti fi sínú òfin rẹ̀ ní 2024 pé háídírójìn tó bá fẹ́ jẹ́ orúkọ mímọ́ gbọ́dọ̀ dín ìbàjẹ́ afẹ́fẹ́ kù ní ìdá 70 nínú 100, èyí tó já sí pé kò gbọdọ̀ ju bíi kílò 3.4 CO2 lọ fún kílò háídírójìn kan, láti orí kànga títí dé ìparí. Jíjò ìdá 3 péré ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo àyè yẹn tán kí a tó ka ẹyọ kan nínú èyí tí ilé iṣẹ́ fúnra rẹ̀ tú jáde. Bí a bá sì fi 20 ọdún wọ̀n ọ́n, ìbàjẹ́ tó ti ara jíjò nìkan wá fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gbogbo CO2 tí ilé iṣẹ́ tí kò mú ohunkóhun ń tú jáde fúnra rẹ̀.

Ohun tó fa àríyànjiyàn ńlá tó wáyé ní 2021 náà nìyí, nígbà tí Robert Howarth ti Yunifásítì Cornell àti Mark Jacobson ti Stanford kọ ọ́ pé irú háídírójìn yìí lè burú ju kí a kàn sun gáàsì náà lásán lọ. Àwọn onímọ̀ mìíràn fèsì pé bí jíjò bá kéré tí ẹ̀rọ sì ń mú CO2 dáadáa, ọ̀rọ̀ náà á yàtọ̀ pátápátá. Bí a bá ka ìṣirò àwọn méjèèjì dáadáa, wọn kò takora tó bí ariwo ṣe pọ̀ tó: ìwọ̀n gáàsì tí oníkálukú gbà pé ó ń jò, bí ẹ̀rọ ṣe ń mú CO2 tó, àti iye ọdún tí wọ́n fi wọ̀n ọ́n ni ó yàtọ̀. Èyí fi hàn pé ìdáhùn kan kò sí fún gbogbo ayé. Ní Norway, níbi tí gáàsì tó ń jò kò tó ìdá 1 nínú 100, ọ̀rọ̀ náà dára. Ní orílẹ̀-èdè tí ẹnikẹ́ni kò tíì gbé ẹ̀rọ ìwọ̀n lọ sídìí kànga rí, kò sí ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti pe háídírójìn rẹ̀ ní mímọ́. Kò sì sí ibi ìfarapamọ́ mọ́. Láti 2017 ni sátẹ́láìtì Sentinel-5P ti ń yí ayé po, tó sì ń rí mẹ́téènì tó bá tú jáde lọ́pọ̀ yanturu. Ẹni tó fẹ́ ra ọjà lè rí i kí ẹni tó ń tà á tó rí i.

Sísun gáàsì dànù jẹ́ ara ọ̀rọ̀ yìí kan náà. Báńkì Àgbáyé fojú bù ú pé gáàsì tó tó bílíọ̀nù 148 mítà oníkúbíìkì ni wọ́n sun dànù nídìí kànga epo káàkiri ayé ní 2023, Algeria, Libya, Iraq, Venezuela àti Nàìjíríà sì wà lára àwọn tó ń sun ún jù. Òfin nìkan kì í pa iná náà. Nàìjíríà ti ṣe òfin láti 1979 pé kí sísun gáàsì dópin ní 1984, iná náà sì ń jó títí di òní. Níbi tí iná náà kò bá sì jó dáadáa, tàbí tí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ ẹ pa, mẹ́téènì tútù ló ń tú jáde. Ìdí tí mo fi sọ èyí ni pé gáàsì tí wọ́n ń sun dànù yìí ni gáàsì àkọ́kọ́ tó yẹ kó wọ inú ilé iṣẹ́ háídírójìn, ṣáájú kànga tuntun èyíkéyìí.

Bí a bá ti dí ibi tó ń jò, ilé iṣẹ́ ajílẹ̀ ló kàn, wọ́n sì máa ń sọ pé ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹ wo inú ilé iṣẹ́ amóníà dáadáa. Kí háídírójìn tó pàdé náítírójìn láti di amóníà, CO2 gbọ́dọ̀ kúrò lára rẹ̀ pátápátá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, á ba èròjà onírin tó ń mú iṣẹ́ yá jẹ́. Ẹ̀rọ tó ń fọ CO2 kúrò ti wà nílẹ̀ níbẹ̀ nìyẹn, wọ́n sì ti san owó rẹ̀ tán. CO2 tó ń jáde lára rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́ gaara. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe yúríà, irú ajílẹ̀ kan tí wọ́n ń fi amóníà àti CO2 ṣe, ń dá díẹ̀ padà sínú iṣẹ́, torí tọ́ọ̀nù yúríà kan ń fẹ́ CO2 tó tó 0.73 tọ́ọ̀nù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú oko ni èyí náà ti máa padà tú sínú afẹ́fẹ́. Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ tó ń ta amóníà nìkan máa ń tú èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀ dànù láti ẹnu páìpù kan ṣoṣo. Kí wọ́n gbẹ omi ara rẹ̀, kí wọ́n fún un pọ̀, kí wọ́n rí ọ̀pá àti àpáta tó dára fún un: ìyẹn ló kù. Kò sí ibòmíràn tí ìdá tó pọ̀ tó báyìí nínú iṣẹ́ náà ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Trinidad àti Tobago mọ iṣẹ́ yìí ju ọ̀pọ̀ lọ. Ní Point Lisas, wọ́n kọ́ ilé iṣẹ́ amóníà jọ síbi kan débi pé orílẹ̀-èdè kékeré náà di ọ̀kan lára àwọn tó ń tà á sókè òkun jù lágbàáyé. Ṣùgbọ́n gáàsì tí wọ́n ń wà ti ń dín kù láti nǹkan bí ọdún 2010, àwọn ilé iṣẹ́ kan sì ti kógbá wọlé nítorí rẹ̀. Ẹni tó bá ń ronú lórí háídírójìn láti inú gáàsì yẹ kó fara balẹ̀ wo Trinidad, torí ó fi bí ilé iṣẹ́ ṣe lè dára tó hàn, ó sì tún fi hàn pé gáàsì máa ń tán.

Níbi tí ajílẹ̀ bá ti kan oúnjẹ, ọ̀rọ̀ náà tún wúwo sí i. Àwọn àgbẹ̀ gúúsù aṣálẹ̀ Sàhárà kì í rí ajílẹ̀ tó ìdá kan nínú mẹ́ta èyí tí àwọn àgbẹ̀ ayé ń lò lórí ilẹ̀ kan náà, nígbà tí owó gáàsì sì fò sókè ní 2022 lẹ́yìn tí ogun bẹ̀rẹ̀ ní Ukraine, owó ajílẹ̀ fò tẹ̀lé e. Orílẹ̀-èdè tó ní gáàsì tí àgbẹ̀ rẹ̀ ń ra ajílẹ̀ láti òkèèrè kò tíì dé ibi tó ti lè máa fi háídírójìn ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn.

Kí n fi kún un pé kò bọ́gbọ́n mu láti sọ gáàsì di háídírójìn kí a tún wá sun háídírójìn náà láti fi ṣe iná mànàmáná. Bíi ìdá kan nínú mẹ́rin agbára inú gáàsì náà ló ti ń ṣòfò nígbà tí wọ́n bá ń yí i padà. Bíi 600 mílíọ̀nù ènìyàn ló wà ní gúúsù Sàhárà tí kò ní iná mànàmáná rárá. Bí a bá fẹ́ fi gáàsì tan iná fún wọn, ẹ jẹ́ ká fi gáàsì tàn án ní tààràtà, kí oòrùn àti omi ṣe ìyókù.

Ní ti ọjà òkèèrè, n kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má lọ. Ohun tí mo ń sọ ni pé ọ̀nà rẹ̀ ṣòro. Háídírójìn kì í di omi àfi kí ó tutù dé 253 ìwọ̀n Celsius nísàlẹ̀ òdo. Amóníà ń di omi ní 33 nísàlẹ̀ òdo, ọkọ̀ òkun sì ti ń gbé e kiri láti ọjọ́ pípẹ́. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé amóníà ni Saudi Arabia fi ránṣẹ́ sí Japan, 40 tọ́ọ̀nù, ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2020. Àwọn oníbàárà ni kò dúró. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, Equinor, ilé iṣẹ́ epo Norway tó ń jẹ́ Statoil tẹ́lẹ̀, pa ètò ọ̀pá háídírójìn láti Norway lọ sí Jámánì tì, torí pé owó rẹ̀ ga, oníbàárà tó sì fọwọ́ síwèé kò tó. Bí Norway, tó ní owó, tó ní àpáta, tí Jámánì sì jẹ́ aládùúgbò rẹ̀, kò bá rí oníbàárà, ìjọba tó ń yá owó ní èlé gíga kò gbọdọ̀ kọ́ ilé iṣẹ́ sílẹ̀ kó tó máa wá ẹni tó máa ra ọjà rẹ̀.

Ajílẹ̀ tún yàtọ̀ níbẹ̀. Láti oṣù kìíní ọdún 2026, Yúróòpù ń gba owó lórí CO2 tó wà nídìí ajílẹ̀, irin, símẹ́ńtì àti háídírójìn tó ń wọlé sí wọn láti òkèèrè. Egypt, Algeria àti Trinidad ti ń ta ajílẹ̀ tàbí amóníà síbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Oníbàárà wọn kì í ṣe àlá. Gbogbo tọ́ọ̀nù CO2 tí wọ́n bá rì mọ́lẹ̀, tí wọ́n sì lè fi ẹ̀rí rẹ̀ hàn, ni owó tí kò ní jáde lápò.

Èlé owó ló mú kí gáàsì wuni lójú àwọn ìjọba yìí, n kò sì dá wọn lẹ́bi. Háídírójìn tí wọ́n fi iná mànàmáná yọ lára omi ń fẹ́ iná tó tó kílówáàtì-wákàtí 50 sí 55 fún kílò kan, fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo owó rẹ̀ ló sì gbọ́dọ̀ jáde lọ́jọ́ àkọ́kọ́, fún pánẹ́ẹ̀lì àti fún ẹ̀rọ. Ní ti gáàsì, IEA sọ pé owó gáàsì fúnra rẹ̀ ló ń kó ìdá 45 sí 75 nínú 100 gbogbo ìnáwó, èyí tí ẹni tó ni gáàsì lè rọra máa san. Síbẹ̀, ilé iṣẹ́ tí wọ́n bá ṣí ní 2030 á ṣì máa ṣiṣẹ́ ní 2055, owó iná oòrùn sì ti já wálẹ̀ ju ìdá 80 nínú 100 lọ láti 2010. Èyí tún jẹ́ ìdí mìíràn tí mo fi fara mọ́ ilé iṣẹ́ ajílẹ̀. Apá tó ń ṣe amóníà kò bìkítà ibi tí háídírójìn ti wá. Bí gáàsì bá tán, tàbí tí oòrùn bá di ohun tó pọ́ọ́kú, wọ́n lè so orísun mìíràn mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀, kí iṣẹ́ máa lọ.

Ohun kan ṣì kù tí àwọn tó ń fọwọ́ síwèé àdéhùn kì í sábà bi ara wọn: ta ló ni CO2 tó wà lábẹ́ ilẹ̀ lẹ́yìn tí ilé iṣẹ́ bá ti kó ẹrù rẹ̀ lọ? Ó máa wà níbẹ̀ fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún, ẹnì kan sì gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ ọ. Alberta ṣe òfin lórí èyí ní 2010, ọdún márùn-ún ṣáájú kí Quest tó bẹ̀rẹ̀. Ilé iṣẹ́ tó ń rì CO2 níbẹ̀ máa ń san owó sínú àpò kan tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ìṣọ́ náà, nígbà tó bá sì parí iṣẹ́, tó fi ẹ̀rí hàn pé CO2 náà kò rìn, ìjọba á gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Orílẹ̀-èdè tó bá ní irú èrò yìí lọ́kàn ní láti fi irú òfin bẹ́ẹ̀ lélẹ̀, kí ó sì kọ ọ́ sínú àdéhùn pé àbájáde ìwọ̀n gbogbo, ti kànga, ti ọ̀pá àti ti abẹ́ ilẹ̀, gbọ́dọ̀ wà níta fún aráàlú láti rí, kí ẹnikẹ́ni tó gbẹ́ kànga àkọ́kọ́.